Aláriwo Tí Kò Sí Ní Kíláàsì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, bí ẹ bá kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilare, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ariwo ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Kíláàsì kìn-ín-ní ń kọrin, ìkejì ń jà, ìkẹta ń sunkún. Àmọ́ bí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ kíláàsì kẹrin, ẹsẹ̀ alángbá lórí páànù lẹ óò máa gbọ́.

Ọmọ mẹ́rìnlélógójì ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó ń mí sókè.

Ìyáàfin Fúnlọ́lá Oyèlárán ni tísà wọn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi ń yìn ín, òun náà ló sì kó bá a. Lónìí tó ń sọ ọ́, ó ní kí a má bá òun fi ewé bò ó, torí pé ọ̀pọ̀ tísà ló ń ṣe irú rẹ̀ lọ́wọ́ tí wọn kò fura.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Tú ni Fúnlọ́lá fi wọ iṣẹ́ tísà. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó ga jù ú lọ, kó tètè lọ wá a, torí ilẹ̀ ń ṣú. Fúnlọ́lá forúkọ sílẹ̀. Ìgbà ìsinmi ló ń lọ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́, àmọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá kò mọ ìsinmi. Wọ́n ń dì í rù ú bí ẹrù igi. Nílé, ọmọ mẹ́ta ń dè é, ìkòkò ń dè é, ọkọ rẹ̀ ń béèrè ibi tí ìbọ̀sẹ̀ wà.

Ìgbà wo ló fẹ́ kàwé?

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó wá rí i pé ibì kan ṣoṣo wà tí òun ti máa ń jókòó láàárọ̀, tí tábìlì wà, tí àga wà, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ òun. Kíláàsì òun ni.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Á kọ iṣẹ́ sójú pátákó, á ní kí àwọn ọmọ máa ṣe é, á wá ṣí ìwé tirẹ̀ sábẹ́ rẹ́jísítà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí tísà rẹ̀ kò bá wo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Fúnlọ́lá kì í ka ojú ìwé kan tán kí kíláàsì tó gbóná.

Ìgbà náà ló rántí nọ́ísìmékà.

Kò sẹ́ni tó lọ sílé ẹ̀kọ́ lásìkò wa tí kò mọ̀ ọ́n. Olórí kíláàsì, tí àwọn ọmọ ń pè ní mọ́nítọ̀, á mú ìwé àti bírò, á dúró síwájú, á máa kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Bí onítọ̀hún bá tún sọ̀rọ̀, wọ́n á fa àmì ìsọdipúpọ̀ síwájú orúkọ rẹ̀, wọ́n á kọ méjì. Tó bá tún ṣe é, ó di mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde, tísà á ka ìwé náà síta. Iye tó bá wà níwájú orúkọ ọmọ ni iye ẹgba tí yóò jẹ.

Ìbùkúnọlá ló fi ṣe mọ́nítọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó fi orí kan ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ìyá ọkọ. Fúnlọ́lá fún un ní ìwé ẹlẹ́yìn líle, ó fún un ní àga níwájú, ó sì fún un ní òfin kan.

"Mi ò fẹ́ rí ìwé òfìfo o. Ọjọ́ tó o bá mú ìwé òfìfo wá bá mi, ìwọ ni màá nà, torí á jẹ́ pé ò ń gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ."

Ó ní òfin náà dùn mọ́ òun nínú lọ́jọ́ yẹn. Ó rò pé òun ti gbọ́n ju àwọn ọmọ lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kíláàsì pa lọ́lọ́. Fúnlọ́lá ka ìwé dé ibi tó dùn. Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́, hẹ́dímásítà wọn, ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí, ó kọjá. Níbi ìpàdé àwọn tísà, ó ní kí gbogbo wọn lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyáàfin Oyèlárán. Tísà kíláàsì kẹta rọra bi í létí bóyá oògùn oorun ló ń pò sínú omi tí wọ́n ń mu.

Fúnlọ́lá rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ wú.

Ohun tó yẹ kó rí, ojú rẹ̀ rí i. Ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ó rí i pé Ìbùkúnọlá kì í gbé oúnjẹ wá mọ́, síbẹ̀ ètè rẹ̀ máa ń dán fún ọ̀rá lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ó rí i pé ọjọ́ tó bá kan Ìbùkúnọlá láti gbálẹ̀, ọmọ mẹ́ta mìíràn ló máa ń di ìgbálẹ̀ mú. Ó rí i pé àwọn orúkọ kan kì í sí nínú ìwé láéláé. Orúkọ kan sì wà tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣíwájú.

Ìmísí Ọláfimíhàn.

Ọmọ Ìlódè ni Ìmísí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, àmọ́ ẹ ó fojú ọmọ ọdún méje wò ó. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló jọ ń gbé. Ìyá ń gbálẹ̀, ó ń nulẹ̀ ní yunifásítì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń jáde nílé. Akólòlò sì ni ọmọ náà. Bí tísà bá ń pe orúkọ láàárọ̀, kí Ìmísí tó sọ pé "purẹ́sẹ́ǹtì mà" tán, tísà á ti pe ọmọ méjì mìíràn.

Ọmọ tí gbólóhùn kan ń gbà ní ìṣẹ́jú ló wá di ọ̀gá aláriwo ní kíláàsì kẹrin. Fúnlọ́lá ń ka orúkọ náà lójoojúmọ́, ó ń nà án lójoojúmọ́. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí bí ariwo ṣe ń ráyè jáde lẹ́nu yẹn.

Ohun méjì tún wà tó ní òun kò lè gbàgbé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni àkọ́kọ́. Ìmísí ń jẹ́ ìpè, ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu. "Pu... pu... pu..." Ìbùkúnọlá gbà á láti iwájú, ó ní, "Mà, ó ń ta ọ̀kadà ni, kò tíì dáhùn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fúnlọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀fẹ̀ náà ló bá òun lójijì. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ Ìmísí ti di Ọ̀kadà. Bó bá ń kọjá lọ síbi omi, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bí ẹni ń ta máṣíìnì, pu-pu-pu. Tísà ti rẹ́rìn-ín sí i. Ta ló kù tí yóò bá wọn wí?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni èkejì. Ìmísí dìde ní àyè rẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tísà, ó fọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn.

"Mà, Ì... Ì... Ì..."

Fúnlọ́lá wà lójú ìlà tó le jù nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Lọ jókòó, Ìmísí. Tó o bá ti mọ ohun tó o fẹ́ sọ, kó o padà wá."

Ọmọ náà mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kò padà wá.

Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù Èrèlè, Ìmísí kò wá sílé ẹ̀kọ́. Fúnlọ́lá fi bírò pupa kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, ó gba ìwé lọ́wọ́ Ìbùkúnọlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ìmísí Ọláfimíhàn, mẹ́ta."

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ẹnì kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé kò sí níbí.

"Ó ti yọ́ sá lọ nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé mẹ́ta rẹ̀ ń dúró dè é."

Lọ́jọ́ kejì, òdo ní àárọ̀, mẹ́ta ní ọ̀sán. Lọ́jọ́ kẹta, òdo ní àárọ̀, mẹ́rin ní ọ̀sán. Ọwọ́ Fúnlọ́lá ló ń kọ òdo, ẹnu Fúnlọ́lá ló ń ka ẹgba, àmọ́ ọwọ́ àti ẹnu kò pàdé kí wọ́n bi ara wọn ní nǹkan kan. Ìdánwò NCE ti ń sún mọ́lé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ dé láti ọ́fíìsì ìjọba.

Ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyì ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé awò ojú sí ṣóńṣó imú, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Hẹ́dímásítà kò jẹ́ kó yà síbì kankan. Tààrà ló mú un wá sí kíláàsì kẹrin. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí i, wọ́n jókòó. Ilẹ̀ tòrò.

"Ohun tí mo ń wí nìyí, sà," Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tó ni ilé. "Ẹ gbọ́ alángbá."

Alábẹ̀wò ní òun ń gbọ́ ọ. Ó béèrè rẹ́jísítà. Ó tún béèrè ọgbọ́n tí wọ́n ń dá tí kíláàsì fi dákẹ́ tó báyìí. Kí Fúnlọ́lá tó lanu, Ìbùkúnọlá ti dìde fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle náà fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyì tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wo èyí, ó wo ìyẹn. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ìyáàfin, ta ló ń jẹ́ Ìmísí Ọláfimíhàn?"

"Ọmọ kíláàsì mi ni, sà."

"Ṣé ó wà níbí?"

"Kò wá lónìí, sà."

"Lánàá ńkọ́?"

Fúnlọ́lá na ọrùn wo rẹ́jísítà láti òdìkejì tábìlì. Òdo lánàá. Òdo lọ́jọ́ Ẹtì. Òdo tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pupa, bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn lára ògiri.

"Yàtọ̀ sí tòní, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ fi kọ ọ́ pé ọmọ yìí kò wá," alábẹ̀wò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ló sì fi pariwo nínú kíláàsì yín, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ọmọ náà mà lóhùn o. Ibo ló ti ń pa ariwo ọ̀hún wá?"

Hẹ́dímásítà bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú Fúnlọ́lá, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Ọwọ́ kan gòkè lẹ́yìn. Abdulrazaq ni, ọmọ kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.

"Mà, kì í ṣe òfófó ni mo fẹ́ ṣe o."

Fúnlọ́lá ní kó sọ ọ́.

"Ọ̀kadà kì í pariwo mà. Kò fún mọ́nítọ̀ ní ẹran rẹ̀ ni."

Bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi ló rí lẹ́yìn ìyẹn. Òmíràn ní òun ń fún un ní ẹyin inú mọ́ínmọ́ín òun lọ́jọ́ Ẹtì kí orúkọ òun má bàa jáde. Òmíràn ní òun ló ń bá a pọn omi. Ẹnì kan ní mọ́nítọ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn pé olófòófó á gba ẹgba márùn-ún. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìmísí ní òun ló jíṣẹ́ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹgba mẹ́ta ń dúró dè é, òun kò sì rí i lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn lórí ohùn. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kíláàsì kẹrin parí sí nìyẹn.

Ilẹ̀ ni Ìbùkúnọlá ń wò.

Ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyì pa ìwé méjèèjì dé.

"Ọmọ ọ̀hún gan-an," ó ní, "níbo ló wà?"

Fúnlọ́lá ní òun kò sáré bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti di abilékọ. Ó já sí títì, ó dá ọ̀kadà dúró, ó di Ìlódè. Obìnrin kan tó ń sá gbànja síwájú ilé ní kò sí ẹnikẹ́ni nílé Ìyá Ìmísí. Ó ní ìyá ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ náà sì ti wọ yúnífọ́ọ̀mù jáde láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó tiẹ̀ kí òun.

Bó ṣe máa ń ṣe.

Ó tún gun ọ̀kadà lọ sí yunifásítì. Ó béèrè títí ó fi rí Ìyá Ìmísí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ó ń fi igi ìnulẹ̀ ti omi síwájú.

"Háà, tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni? Ẹ jẹ́ ó dilé, màá bá a sọ ọ́."

Fúnlọ́lá wá ọ̀nà rere tí ènìyàn lè gbà sọ ọ́. Kò rí i.

"Ìyá Ìmísí, ọmọ kò wá sílé ẹ̀kọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì."

Obìnrin náà kò pariwo. Ó gbé igi ìnulẹ̀ ti ògiri, ó rọra nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ sì mọ̀?"

"Mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà."

"Mo ní, ẹ mọ̀?"

Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwọn méjèèjì padà sí Ilare.

Àsìkò àtilọ sílé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Kí kíláàsì kẹrin má bàa dàrú, hẹ́dímásítà ti ní kí wọ́n máa ka ìsọdipúpọ̀ onímeje. Wọ́n ń ké e bí orin, gbogbo ẹnu lápapọ̀. Fúnlọ́lá wọlé láti mú àpò rẹ̀ kí òun àti ìyá ọmọ lè forí lé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó dúró gbagidi.

Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà níwájú rẹ̀. Ohùn kẹrìnlélógójì ń ti ìta wá.

Láti ẹ̀yìn ògiri ni, láti ṣọ́ọ̀bù Bàbá Lágúnjú, káfíńtà tí òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé kíláàsì. Ohùn tín-ín-rín kan ń bá wọn ka ìsọdipúpọ̀, kò fo ọ̀kan, kò ṣì ọ̀kan. Kò kólòlò rárá. Bí orin ló ń lọ. Fúnlọ́lá ké sí Ìyá Ìmísí, àwọn méjèèjì sáré yí ògiri ká.

Ìmísí jókòó sórí àpótí láàárín èérún pákó, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tò wọ́n dáadáa. Pẹ́ńsù pupa káfíńtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àjákù pákó kún iwájú rẹ̀, ó sì ti kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ìṣirò ló wà lórí àwọn kan. Orúkọ àwọn odò ilẹ̀ yìí ló wà lórí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí Fúnlọ́lá ṣe pè é fún kíláàsì lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá Lágúnjú yọ ìṣó lẹ́nu.

"Tísà, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ wá rí. Ọmọ yìí ní ẹ ní kí òun máa gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ìta títí gbèsè ẹgba tí òun jẹ yóò fi tán. Mo ní irú ilé ẹ̀kọ́ wo wá nìyí. Àmọ́ kò yọ mí lẹ́nu o, ó ń bá mi ṣa ìṣó."

Lórí pákó tó kẹ́yìn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ìlà ni, ó dì wọ́n ní márùn-ún márùn-ún. Fúnlọ́lá bi í pé kí nìyẹn.

Ìmísí dìde. Ètè rẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ kò jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, Fúnlọ́lá dúró. Kò parí ọ̀rọ̀ fún un, kò wo ibòmíràn. Ó ní òun kò mọ bó ti pẹ́ tó.

"Ẹ... ẹgba mi ni, mà. Mo máa ń gbọ́ ọ tí ẹ bá ń kà á. Mọ́... mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mo rò pé ó máa dín kù tí mi ò bá wá. Ń ṣe ló ń lé sí i."

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra. Fúnlọ́lá, tòun ti aṣọ tuntun tó wọ̀ nítorí alábẹ̀wò, jókòó sórí èérún pákó.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ ti mú pàṣán tuntun wá. Ó ní kí wọ́n gbé Ìbùkúnọlá pọ̀n níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kó jẹ méjìlá gbáko, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn yòókù. Fúnlọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló dé tó fi ń kọ orúkọ ẹni tí kò wá?

Omi ti dúró lójú Ìbùkúnọlá, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere.

"Ẹ̀yin lẹ ní mi ò gbọdọ̀ mú ìwé òfìfo wá, mà. Àwọn tó ń fún mi ní nǹkan, mi ò lè kọ wọ́n. Àwọn tó lágbára, wọ́n á dènà dè mí. Ìmísí kò sì sí níbẹ̀ tó fi máa ní irọ́ ni."

Hẹ́dímásítà gbé pàṣán sókè. Fúnlọ́lá dì í mú.

"Sà, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ nà. Èmi ni mo kó o sí i lórí."

Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ní òun kì í na ìyàwó oníyàwó. Pàṣán padà sórí tábìlì.

Fúnlọ́lá kò sọ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ẹran tó jẹ, ó jẹ ẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ọ̀kadà, ọmọ náà ló dá a. Nítorí náà ló ṣe mú Ìbùkúnọlá àti ìyá rẹ̀ lọ sí Ìlódè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí wọ́n lọ bẹ Ìyá Ìmísí. Ìyá Ìmísí gba ẹ̀bẹ̀ ọmọ náà. Ti tísà ló ní kí wọ́n fún òun láyè fún. Ó tó oṣù kan kó tó tún máa kí Fúnlọ́lá bí tẹ́lẹ̀, Fúnlọ́lá sì ní òun kò bá a wí.

Ọjọ́ tí Ìmísí padà, tísà kíláàsì kẹta ti kìlọ̀ fún Fúnlọ́lá ní ọ́fíìsì pé tísà tó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé, wọ́n á gun orí rẹ̀ bí ọmọ ọ̀bọ. Fúnlọ́lá ní kí wọ́n máa gùn ún. Ó pe Ìmísí sí iwájú kíláàsì, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. O wá bá mi, mi ò gbọ́ tìẹ. Má bínú sí mi."

Ìmísí béèrè pé:

"Mà, mọ́... mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo jẹ ẹ́. Kì í ṣe ìwọ."

Wọ́n ya ìwé ẹlẹ́yìn líle náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ya àwòrán. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mọ́nítọ̀ ń yí, ó sì ń kan akólòlò bó ti ń kan ẹni tí ẹnu rẹ̀ já. Kò sí ẹni tó ń di ẹgba mú, kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ. Tó bá di ìsinmi ọ̀sán, Fúnlọ́lá á gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ igi ọ̀dàn, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó abọ́ oúnjẹ gbogbo wọn. Ọmọ tí òdo rẹ̀ bá di méjì tẹ̀ léra nínú rẹ́jísítà, ó di dandan kí tísà yà sílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfófó ló gba àkókò jù. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn títí ó fi di ohun tí wọ́n ń kà bí ìsọdipúpọ̀: bó o bá sọ ọ́ kí wọ́n lè na ẹnì kan, òfófó ni, bó o bá sọ ọ́ kí ìyà lè kúrò lọ́rùn ẹnì kan, kì í ṣe òfófó.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ kí Ìbùkúnọlá máa jókòó ti Ìmísí. Ó bi Ìmísí bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìmísí ní rárá, kò sì kólòlò rárá lórí ìyẹn. Fúnlọ́lá fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kò di ọ̀rẹ́. Àmọ́ ní tọ́ọ̀mù kẹta, nígbà tí ọmọ kíláàsì karùn-ún kan gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá omi, pu-pu-pu, Ìbùkúnọlá ló sáré wá pe tísà.

Alábẹ̀wò kọ lẹ́tà, wọ́n sì ní kí Fúnlọ́lá fèsì sí i. Ó fèsì, kò parọ́. Ó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan nínú NCE, ó tún un ṣe, ó parí ní ọdún 1997. Ìdájí ló wá ń kàwé, kí àwọn ará ilé tó jí. Ọkọ rẹ̀ ti mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ wà.

Ní ti kíláàsì kẹrin, kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàtà hẹ́dímásítà dún bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ di etí kan. Nínú kíláàsì, Ìmísí dúró síwájú, ó ń sọ ìtàn ìjàpá kan, àwọn ọmọ sì ń jiyàn lórí ibi tó yẹ kó parí sí.

"Ìyáàfin Oyèlárán, kíláàsì yín ń pariwo o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Fúnlọ́lá dá a lóhùn. "Gbogbo wọn ló wá lónìí."